Òkú Sẹ́ẹ̀lì Ló Gbé Ìrókò Ró

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, tí wọ́n fa ìtì ìrókò sábẹ́ ayùn, ẹ wo ojú ibi tí ayùn gbà kọjá dáadáa. Etí rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ pọ́n, àwọ̀ àárín náà sì ń jinlẹ̀ sí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á ní àárín yẹn lòun ń fẹ́, pé ikán kì í rí i jẹ bọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí a kì í sábà sọ mọ́ ọn ni pé kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó wà láàyè nínú àárín yẹn mọ́ kí wọ́n tó gé igi náà, àti pé púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì etí funfun pàápàá ti kú nígbà tí igi ṣì ń rúwé lórí ìdúró. Kò sí àrùn níbẹ̀, kò sí kòkòrò. Igi náà ló pa wọ́n, ní àsìkò tó yẹ, lọ́nà tó wà nínú jíìnì rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nínú irúgbìn.

Ikú elétò ni mo máa pe irú ikú yìí. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidigidi nípa rẹ̀ ni pé, tí a bá rí ibi tó kú lára ewéko, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni: ta ló pa á? Ṣé ewéko fúnra rẹ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn? Àgbẹ̀ tí kò bá béèrè bẹ́ẹ̀ á fowó ra oògùn fún ewé tó ti gba ara rẹ̀ là tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá béèrè bẹ́ẹ̀ á ka gbogbo òkú sẹ́ẹ̀lì sí oríṣi kan náà, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ á sì ṣì í lọ́nà.

Omi tí gbòǹgbò ìrókò fà nínú ilẹ̀ ń gba inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní xylem gòkè lọ sí ewé. Òkú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tò lé ara wọn ni ọ̀pá wọ̀nyí. Ohun inú wọn ti tán pátápátá, ó ku ògiri. Ká ní wọ́n ṣì wà láàyè, tí inú wọn kún, omi ò ní rọ́nà kọjá. Kíkú gan-an niṣẹ́ tí igi dá wọn fún.

Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Fukuda àti Komamine, gbé ọ̀nà kan jáde tí a lè fi wo iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n lọ ewé òdòdó Zinnia jẹ́jẹ́ títí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi tú kúrò lára ara wọn, wọ́n wá kó wọn sínú omi oúnjẹ tó ní họ́mónù auxin àti cytokinin nínú. Sẹ́ẹ̀lì ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ tẹ́lẹ̀ yí padà di ọ̀pá omi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Láti ara wọn la ti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fi ìlà tó nípọn, tó yí po, kún ògiri rẹ̀ nínú, á sì fi lignin mú un le. Ní gbogbo àsìkò yẹn ló ń kó ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA àti èyí tó ń jẹ purotéènì pa mọ́ sínú vacuole, ìyẹn àpò omi ńlá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko. Nígbà tó bá yá, àpò náà á bẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn tó bá bẹ́, DNA inú núkílọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú jíìnì rẹ̀ sí, á ti pòórá. Gbogbo nǹkan yòókù náà á wá tẹ̀ lé e, orí àti ìdí sẹ́ẹ̀lì á lu, á sì bá ti ẹnì kejì rẹ̀ já sí ọ̀pá kan ṣoṣo.

Ẹ kíyè sí i pé ògiri ló kọ́kọ́ le kí àpò tó bẹ́. Bí ewé ṣe ń fa omi sókè, ńṣe ni omi inú ọ̀pá ń fa ògiri náà wọ inú. Lára àwọn ewéko tí jíìnì tó ń kọ́ ògiri wọn bàjẹ́, ọ̀pá omi máa ń wó sínú, ewéko náà á sì kúrú, á ràn. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé lignin ò dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ń fi èròjà lignin ránṣẹ́ sí ògiri òkú náà, ó sì ń le sí i lẹ́yìn ikú.

Àárín pípọ́n tí káfíńtà ń wá, ọ̀tọ̀ ni itàn tirẹ̀. Láàárín àwọn ọ̀pá omi ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn kì í tètè kú. Wọ́n ń tọ́jú sítáàṣì fún igi, wọ́n sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí igi bá ń sanra sí i, tí wọ́n wá jìnnà sí èèpo, wọ́n á fi sítáàṣì yẹn ṣe àwọn èròjà kíkorò tó ní àwọ̀, wọ́n á tú u sínú àwọn tó yí wọn ká, wọ́n á sì kú. Èròjà yẹn ni ikán ń sá fún. Etí funfun ò ní in, sítáàṣì ló kù síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kòkòrò tó ń lu igi di lẹ́búlẹ́bú fi ń wọ ibẹ̀ lọ tààrà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìrókò ṣe fèrèsé tàbí òpó tí òjò máa kàn, ẹ má gba pákó tó ní etí funfun, bó ti wù kí ìrókò náà jẹ́ ojúlówó tó. Igi tí wọ́n gé ní kékeré náà ò ní àárín tó pọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò tíì dé orí iṣẹ́ ìkẹyìn yẹn.

Nǹkan mìíràn ni ọ̀pá tí oúnjẹ ń gbà. Ẹmu tí adẹ́mu ń dá lára ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú phloem ló ti ń ṣàn wá, sẹ́ẹ̀lì phloem ò sì gbọdọ̀ kú. Ó pa núkílọ́ọ̀sì rẹ̀ run, ó pa vacuole rẹ̀ náà run, ó wá dúró níbẹ̀. Ó wà láàyè, sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Lára ọ̀pẹ, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí gan-an, nítorí ó fi hàn pé ewéko lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ikú kó sì dá a dúró ní àárín méjì.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ikú elétò ti ewéko wé ti ẹranko. Lọ́dún 1972 ni Kerr, Wyllie àti Currie sọ ikú elétò ti sẹ́ẹ̀lì ẹranko lórúkọ, tí wọ́n pè é ní apoptosis, ọdún 2002 sì ni Brenner, Horvitz àti Sulston gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára aràn kékeré kan. Lára ẹranko, sẹ́ẹ̀lì tó ń kú á gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àwọn aládùúgbò á sì gbé e mì. Ewéko ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri líle wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn kiri tí ń palẹ̀ òkú mọ́. Fúnra òkú ló ní láti jẹ ara rẹ̀ tán, vacuole tó lè gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá inú sẹ́ẹ̀lì tó gbó ló sì fi ń ṣe é. Ẹ́ńsáìmù caspase tó ń ṣe kòkáárí ikú sẹ́ẹ̀lì ẹranko ò sí nínú ewéko. Metacaspase, ìbátan rẹ̀, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù kan tó ń gbé inú vacuole tí wọ́n ń pè ní VPE. Lọ́dún 2004 ni wọ́n fi hàn lára tábà pé láìsí VPE, ewé ò lè ṣe ikú tó fi ń dènà fáírọ́ọ̀sì. Ní tèmi, kò dára ká máa pe ti ewéko ní apoptosis. Ẹni tó bá ń wá àmì ti ẹranko lára àgbàdo á wá a tì.

Àgbàdo gan-an ló kàn. Ní àkùrọ̀, ibi tí omi máa ń dúró lẹ́yìn òjò ńlá, ọ́síjìn kì í tó gbòǹgbò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àgbàdo á pa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láàárín ara gbòǹgbò rẹ̀, àyè wọn á di ihò gígùn tí atẹ́gùn ń gbà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Gáàsì ethylene ló ń pàṣẹ náà. Omi tó yí gbòǹgbò ká kì í jẹ́ kí gáàsì yìí jáde, ó á wá pọ̀ jọ sínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ewéko nílò ọ́síjìn díẹ̀ kó tó lè ṣe ethylene. Tí ọ́síjìn bá tán pátápátá, àṣẹ ò ní jáde, ihò ò ní ṣí, gbòǹgbò á kàn kú ikú àìròtẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbàdo tí omi kún bá díẹ̀díẹ̀ fi máa ń yè ju èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ìrẹsì kì í dúró de àkúnya, ó ti ń ṣí ihò tirẹ̀ sílẹ̀ kí omi tó dé, ó sì tún ń fi nǹkan bo ìta gbòǹgbò kí ọ́síjìn má baà jò dànù lójú ọ̀nà. Ìbòrí yẹn ò sí lára ọ̀pọ̀ àgbàdo, nítorí náà ọ́síjìn tó gba inú ihò náà wá á ti jò tán kó tó dé orí gbòǹgbò.

Àìtó nitrogen tàbí phosphorus nínú ilẹ̀ náà lè mú kí àgbàdo ṣí irú ihò yìí, kódà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó kú ò jẹun mọ́, èròjà inú rẹ̀ sì padà sínú ewéko. Ẹni tó bá rí ihò nínú gbòǹgbò àgbàdo kó má tètè sọ pé omi ló fà á. Kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ilẹ̀ náà ti gbó.

Ẹ lè wò ó fúnra yín. Ẹ gbin àgbàdo sínú ike méjì, kí ọ̀kan ní ihò nídìí, kí èkejì má ní. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti hù, ẹ bu omi sínú èkejì títí yóò fi ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ má sì jẹ́ kó fà fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fa àwọn gbòǹgbò tó yọ láti ìdí igi, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde lára irúgbìn. Ẹ gé e ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí orí rẹ̀, ẹ fi kárọ́ọ̀tì há a láàárín, kí ẹ sì fi bíléèdì tuntun gé e pẹlẹbẹ, ní ìbú, tínrín débi pé ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé e sínú ẹ̀kán omi lábẹ́ máíkírósíkóòpù, lẹ́ńsì kékeré ti tó. Bíléèdì tí kò mú máa ń ya gbòǹgbò, ibi tó ya á sì jọ ihò. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ihò tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ṣí wà láàárín awọ ìta àti àárín gbùngbùn, ìlà sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè ló pín wọn níyà, àwọn ìlà náà sì na láti àárín gbùngbùn lọ sí etí, nígbà tí awọ ìta àti ọ̀pá omi tó wà láàárín pé pérépéré. Ibi tí bíléèdì ya kọjá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ó gba orí gbogbo wọn.

Inú ọkà àgbàdo náà, ikú ti wà. Apá tó kún fún sítáàṣì, èyí tí a ń lọ ṣe ògì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú kí ọkà tó gbẹ. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó yí i ká ló wà láàyè. Nígbà tí ọkà bá hù, bí àwọn tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe máa ń jẹ́ kó hù, ìpele yìí á tú ẹ́ńsáìmù sí sítáàṣì, òun náà á sì kú tẹ̀ lé e. Ara ọkà báálì ni wọ́n ti yẹ ìyẹn wò jù: họ́mónù gibberellin ló ń mú ikú náà yá, abscisic acid ló ń dá a dúró.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù fún àgbẹ̀ ni ti àrùn. Lọ́dún 1915 ni Stakman ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọkà wíìtì kan tí àrùn ìpẹtà ò lè ràn lára rẹ̀. Gbàrà tí fúńgọ́ọ̀sì bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ni sẹ́ẹ̀lì yẹn àti díẹ̀ tó yí i ká á kú. Fúńgọ́ọ̀sì ìpẹtà ò lè jẹ òkú, sẹ́ẹ̀lì alààyè ló ń fà mu, òun náà á sì kú síbẹ̀. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ kí a tó rí irin iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní China fi hàn pé purotéènì kan tó ń jẹ́ ZAR1, bó bá ti fura sí ọ̀tá, márùn-ún rẹ̀ á so pọ̀ di òbìrípo, wọ́n á gún awọ sẹ́ẹ̀lì, nígbà tó sì di 2021 wọ́n fi hàn pé káṣíọ́ọ̀mù (calcium) ló ń gba ihò náà wọlé. Káṣíọ́ọ̀mù tó ya wọlé yẹn wà lára ohun tó ń ti sẹ́ẹ̀lì sínú ikú.

Lórí oko, àmì irú ikú yìí jẹ́ àbàwọ́n tín-ín-tìn-tín, aláwọ̀ ilẹ̀, etí rẹ̀ mú, ewé tó yí i ká sì ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹ mú máákà, ẹ fi yí etí àmì náà po lórí ewé bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Tí àmì náà ò bá kọjá ìlà máákà, ewéko ti parí iṣẹ́, ẹ má fín nǹkan kan sí i. Tó bá kọjá ìlà, tí ara rẹ̀ ń pupa yí po, tàbí tí ẹ fi awò rí lẹ́búlẹ́bú lórí rẹ̀, àrùn ń jẹun nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ oògùn apakóríko tí atẹ́gùn gbé wá láti oko ẹlòmíràn. Àmì tirẹ̀ náà kì í dàgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ló máa ń yọ lórí gbogbo ewéko, kódà lára koríko, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti fẹ́ wá ló sì máa ń pọ̀ sí jù.

Ìgbóná lè ba ètò yìí jẹ́. Jíìnì N tó ń gba tábà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì TMV kì í ṣiṣẹ́ tí ìgbóná bá kọjá 28°C. Fáírọ́ọ̀sì á rìn káàkiri gbogbo ewéko láìsí àmì. Tí wọ́n bá wá gbé ewéko náà padà sí 22°C, jíìnì náà á jí, á bá fáírọ́ọ̀sì níbi gbogbo, á sì pa gbogbo ibi tó bá a. Ewéko á kú tán nípasẹ̀ ohun tó yẹ kó gbà á là. Ní Ilé-Ifẹ̀, oòrùn ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ń kọjá 30°C dáadáa, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bá fẹ́ yẹ irú jíìnì bẹ́ẹ̀ wò kó má gbé ewéko sábẹ́ páànù lọ́sàn-án gangan kó wá sọ pé jíìnì náà ò dáa. Kó kọ ìgbóná sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ewu tó jẹ mí lógún jù ni pé ọ̀tá lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ohun ìjà yìí lọ́wọ́ ewéko. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọkà oat kan tó ń jẹ́ Victoria nítorí pé ó ní jíìnì tó ń dènà ìpẹtà. Nígbà tó di 1946, wọ́n kọ nípa fúńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń ṣe oró victorin, oró náà sì ń sọ fún oat tó ní jíìnì yẹn pé kó pa ara rẹ̀. Fúńgọ́ọ̀sì yìí ń jẹ òkú ní tirẹ̀, ohun tó lé ọ̀tá àkọ́kọ́ lọ ló wá di oúnjẹ fún èkejì. Ní 1970 ó tún ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo wọn. Kí wọ́n má baà máa já ìrùkẹ̀rẹ̀ akọ lórí oko irúgbìn, wọ́n ń lo àgbàdo oríṣi Texas tí sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ lẹ́búlẹ́bú akọ rẹ̀ máa ń kú láìtọ́jọ́. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ní láti kú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ́ lẹ́búlẹ́bú yó ni. Nígbà tí wọ́n kú ṣáájú, lẹ́búlẹ́bú ò jáde. Purotéènì URF13 tó wà nínú mitochondria wọn, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ló fà á, purotéènì yẹn kan náà ni oró fúńgọ́ọ̀sì kan sì dì mú tó fi lu mitochondria ewé. Nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 àgbàdo Amẹ́ríkà ló ṣòfò lọ́dún yẹn.

Àgbẹ̀ kòkó láti Ifẹ̀wàrà dé Ọ̀sú mọ irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ lójú. Phytophthora tó ń sọ kòkó di dúdú máa ń kọ́kọ́ yọ́ wọlé láìpa sẹ́ẹ̀lì, tó bá ti fìdí múlẹ̀ ló tó máa ń tú purotéènì tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jáde. Ọ̀rá kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni purotéènì yìí ń dì mú, ti àgbàdo àti koríko yàtọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi pa wọ́n. Àmì kékeré lórí kòkó lè bo gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlà máákà á fi hàn yín lọ́jọ́ kejì pé kì í ṣe ikú elétò. Oògùn kọ́pà ò lè wo èyí tó ti wọlé, èyí tí ò tíì wọlé ló lè dá dúró, nítorí náà ẹ fín in kí àmì tó yọ, kí ẹ sì já èyí tó ti dúdú kúrò lórí igi. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀.

Nínú láàbù, ìbéèrè ta-ló-pa-á ní ọ̀nà tirẹ̀. Omi aró Evans blue 0.25% ń wọ inú òkú sẹ́ẹ̀lì nìkan, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú ikú tó kú. Àyẹ̀wò TUNEL, tó ń wá DNA tó ti já, náà ń tan lára òkú àìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí mo gbà pé ó ṣeé gbára lé, tí kò sì gba owó púpọ̀, ni irun gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí irúgbìn hù fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e padà síbi tó tutù, kí ẹ wo irun náà ní ọjọ́ kejì. Lára Arabidopsis, ewéko kékeré tí wọ́n sábà ń lò nínú láàbù, ní nǹkan bí 50 sí 55°C, ohun inú irun á súnkì kúrò lára ògiri rẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ráyè ṣe ikú ara rẹ̀. Ní 75°C sókè, ó kú lójú ẹsẹ̀, ohun inú rẹ̀ kún títí dé ògiri, kò súnkì rárá. Tí ẹ bá fẹ́ lo ṣọkọ yòkòtò tàbí tẹ̀tẹ̀, ẹ má gbé iye ìgbóná Arabidopsis lé e lórí, ẹ dán 45, 50, 55, 60 àti 80 wò, kí ẹ sì ní èyí tí ẹ ò fi sínú omi gbígbóná rárá. Iná tó ń ṣe ségesège máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́. Tí ìgbóná omi bá ń lọ sókè sódò láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn, oríṣi ikú méjèèjì lè dàpọ̀. Kúlà tó nípọn, tí wọ́n bu omi gbígbóná sí, tí wọ́n sì ki tẹmómítà bọ̀, ń gbé ìgbóná dúró fún ìṣẹ́jú 10 láìlo iná rárá.

Ẹ wá wo iṣu àti ẹ̀gẹ́. Iṣu tí ọkọ́ bù ní ara lè wo ara rẹ̀ sàn. Sẹ́ẹ̀lì abẹ́ ojú ọgbẹ́ á pín, wọ́n á ṣe èèpo tuntun, àwọn tó wà níta nínú èèpo náà á fi ọ̀rá líle bo ògiri wọn, wọ́n á wá kú. Òkú yẹn ló ń dènà èbu. Ìgbóná 29 sí 32°C àti afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin púpọ̀, ó kéré tán 90%, ló fẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ, láìjẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn tí a wà á. Ẹ kó iṣu jọ síbi ìbòòji, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó lómi díẹ̀ bò ó. Ní àsìkò ọyẹ́, ojú ọgbẹ́ máa ń gbẹ kí sẹ́ẹ̀lì tó parí iṣẹ́, ẹni tó bá wò ó á rò pé ó ti san. Gbígbẹ lásán ni, ó á sán, èbu á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀rọ̀. Iṣu ni itàkùn rẹ̀ fi ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já, ó lójú tó ń hù. Ẹ̀gẹ́ kò lójú, àpò oúnjẹ lásán ni, kò sí ohun tó fi ń tún ayé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ti já a kúrò nídìí igi. Láàárín ìṣẹ́jú 15 tí a wà á, àwọn èròjà ọ́síjìn tó ń ba nǹkan jẹ́ ti ń pọ̀ lójú ọgbẹ́ rẹ̀. Kàkà kí ikú dúró sí ìpele kan bíi ti iṣu, ńṣe ló ń bá ọ̀pá omi wọ inú lọ, láàárín wákàtí 24 sí 72, ìlà dúdú aláwọ̀ búlúù á ti hàn. Kì í ṣe kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà fífọ̀ ọ́ mọ́ kò tó. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tó fà á, ó ń dá mitochondria lọ́wọ́ dúró, èròjà ọ́síjìn náà á sì máa pọ̀. Ẹ̀gẹ́ oníyẹ́lò, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2011, kì í tètè ní ìlà dúdú yìí, torí pé èròjà tó mú un pọ́n ń pa agbára ọ́síjìn náà.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe láìra nǹkan kan ni pé kó gé orí igi ẹ̀gẹ́ kúrò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tó máa wà á, kó fi kùkùté tó tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún máa ń pẹ́ kó tó dúdú. Nígbà tó bá ń wà á, kó má já ọrùn ẹ̀gẹ́ mọ́ ara, kó jẹ́ kí igi díẹ̀ kù lára rẹ̀, nítorí ojú tí ọ̀bẹ bá là sí ara funfun ni ìlà dúdú máa ń gbà wọlé. Bí ẹni tó ń rà á ò bá tíì dé, kó tò ó sínú àpótí, kó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tó lómi díẹ̀ kún àárín wọn, tí kò gbẹ, tí omi ò sì kán nínú rẹ̀ tí a bá fún un. Gígé orí igi yẹn ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ á dín kù, ẹ̀gẹ́ sísè á sì le díẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá máa lọ ọ́ fún gàrí lọ́jọ́ tó wà á kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tó máa gbé e lọ sọ́jà tó jìnnà, tàbí tó ń dúró de ọkọ̀, ni kó ṣe é.